Ẹgbẹ́ òwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì: Èrè wo ló wà níbẹ̀ fún ọlọ́jà Kàbà?

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ó yẹ kí àwọn oníṣòwò ìlú Kàbà àti gbogbo ilẹ̀ Okun fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí sọ́kàn, nítorí pé láti ọdún 2023 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kogi ti dá yunifásítì sílẹ̀ sí Kàbà, ọ̀rọ̀ fásitì ti di ọ̀rọ̀ ọjà.

Bí fásitì bá wọ ìlú, onílé ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́yìn onílé ló kan olóúnjẹ, ọlọ́kadà, ẹni tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì àti ẹni tó ń ta aṣọ òkìríkà. Owó tó ń tibẹ̀ wọlé dára, kò sí oníṣòwò tó máa kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ná, owó òbí rẹ̀ ni. Ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti tì, ọjà náà á tutù. Àwọn tó ń tajà lẹ́nu géètì fásitì káàkiri Nàìjíríà kò lè gbàgbé ọdún 2020, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, ìyẹn ASUU, yanṣẹ́ lódì láti oṣù kẹta títí wọ oṣù kejìlá. Nígbà tó tún di ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọ́n tún fi wà nínú ìyanṣẹ́lódì.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ fún Kàbà nìyí: ṣé owó ilé àti owó oúnjẹ nìkan ni ìlú fẹ́ máa rí gbà lọ́wọ́ fásitì, àbí ọgbọ́n tó wà nínú ọgbà náà lè jáde wá sínú ọjà? Ọ̀nà kan tó ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn ni ẹgbẹ́ òwò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń darí, tí àwọn ọmọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ oríṣìíríṣìí sì ń pàdé nínú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí kíláàsì

Ẹ̀kọ́ nípa dídá òwò sílẹ̀ kì í ṣe tuntun ní fásitì wa. Láti sáà ẹ̀kọ́ 2007/2008 ni ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga máa ṣe é, ì báà jẹ́ òfin ni wọ́n ń kọ́, ì báà jẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tí àjọ NUC gbé jáde lọ́dún 2022, kóòsì méjì ló wà fún un, ENT 211 ní ọdún kejì àti ENT 312 ní ọdún kẹta.

Ohun tó dára ni. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, èrò á kún inú gbọ̀ngán kan fọ́fọ́, olùkọ́ á sọ ohun tí òwò jẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì dá a padà fún un nínú ìdánwò. Ẹni tó gba máàkì tó pọ̀ jù nínú wọn lè má tíì ta ẹ̀pà yíyan rí láyé rẹ̀. Inú ìwé kọ́ ni èèyàn ti ń kọ́ odò wíwẹ̀.

Ti ẹgbẹ́ yàtọ̀. Kò sí máàkì níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí wọ́n fi tipátipá mú wọ inú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń yan alága, akọ̀wé àti akápò wọn. Àwọn ló ń wá ìṣòro kan rí láàárín ìlú, tí wọ́n á ronú ohun tí wọ́n lè tà tàbí tí wọ́n lè tún ṣe láti yanjú rẹ̀. Àwọn náà ló máa ń rí èrè tàbí àdánù rẹ̀. Olùkọ́ kan á wà lẹ́yìn wọn tí yóò máa gbà wọ́n nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ọ̀gá.

Ibi tí irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lágbàáyé ni Enactus. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1975. Orúkọ tó ń jẹ́ nígbà náà ni Students in Free Enterprise, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó jáde fásitì nílẹ̀ yìí ṣì mọ̀ sí SIFE, kó tó di pé wọ́n yí i padà sí Enactus lọ́dún 2012. Ó pẹ́ tó ti wọ àwọn fásitì Nàìjíríà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò lọ́jú pọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan á kóra jọ, wọ́n á ní olùkọ́ tó ń tọ́ wọn sọ́nà, wọ́n á sì tún ní àwọn oníṣòwò ìlú tó ń bá wọn dá sí i. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n òwò mú ìgbé ayé àwọn ẹlòmíràn dára sí i. Lọ́dọọdún, àwọn ẹgbẹ́ láti fásitì kan sí èkejì máa ń wá sọ ohun tí wọ́n ṣe níwájú àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́, àwọn tó bá sì borí á lọ ṣojú orílẹ̀-èdè wọn níbi ìdíje àgbáyé. Ìdíje mìíràn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa náà ń kópa nínú rẹ̀ ni Hult Prize, èyí tí òkìkí ẹ̀bùn mílíọ̀nù kan dọ́là rẹ̀ ti kàn káàkiri.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún oníṣòwò kékeré ni pé ẹgbẹ́ yìí kò lè dá dúró láìsí ọlọ́jà. Olùkọ́ mọ ohun tó wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọlọ́jà ló mọ ìdí tí oníbàárà fi ń ra tòní, tó sì ń kọ tọ̀la.

Kí ló dé tí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo?

Àwọn bàbá wa nílẹ̀ Okun mọ àáró dáadáa. Ẹni tó lágbára, ẹni tó mọ ebè kọ, ẹni tí àdá rẹ̀ mú, gbogbo wọn á jọ lọ sóko ẹnì kan lónìí, oko ẹlòmíràn ló kàn lọ́la. Bí gbogbo ẹni tó wá bá jẹ́ ẹni tó mọ igi gé nìkan, ta ni yóò kọ ebè? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òwò rí. Bí ẹgbẹ́ bá kún fún àwọn ọmọ ẹ̀ka ìṣirò owó nìkan, ìwé wọn á mọ́, ṣùgbọ́n kò ní sí ọjà tí wọ́n fẹ́ tà.

Àpẹẹrẹ kan wáyé ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 2009, nígbà tí ASUU yanṣẹ́ lódì fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ayọ̀dèjì Adéwùnmí, Ọlálékan Olúdé àti Ọpẹ́yẹmí Awóyẹmí, kò fi ìsinmi tipátipá yẹn sùn. Wọ́n dá Jobberman sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹni tó ń wáṣẹ́ ti ń pàdé ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́. Ìmọ̀ ìṣègùn ni Adéwùnmí ń kọ́, Awóyẹmí sì jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ pé àwọn oníṣègùn nìkan ló jókòó sí yàrá yẹn, bóyá ọ̀rọ̀ lásán ni ì bá jẹ́. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ òkèèrè wá fi owó ra á.

Èkejì tún sún mọ́ ọlọ́jà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ìparí ọdún 2015, obìnrin kan gbé àwòrán kóló onígi rẹ̀ sórí Twitter, ó ní ẹgbẹ̀rún kan náírà lòun ń sọ sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ jálẹ̀ ọdún náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tí wọ́n jọ lọ sí Covenant University ní Ọ̀tà, Odunayo Eweniyi, Somto Ifezue àti Joshua Chibueze, rí òwò níbẹ̀. Lọ́dún 2016, wọ́n gbé kóló náà sórí fóònù, òun ló wá di PiggyVest tí òkìkí rẹ̀ kàn lónìí. Àwọn kọ́ ló dá kóló sílẹ̀. Àwọn ìyá wa ti ń lò ó kí wọ́n tó bí wọn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wo ohun tí àwọn ará ilé ń ṣe, wọ́n sì wá ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn á fi lè máa ṣe é.

Bó bá wá jẹ́ ní Kàbà ńkọ́?

Ìpínlẹ̀ Kogi wà lára àwọn tó ń mú kajú jáde jù lọ ní Nàìjíríà, ilẹ̀ Okun sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, àwọn oníṣòwò á wọlé láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á ra kóró kajú ní àpò-àpò, wọ́n á kó o lọ. Ilẹ̀ Íńdíà àti Vietnam ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lọ láìtíì fọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á, tí wọ́n ń bó o, tí wọ́n sì ń dì í sínú ike. Èrè tó wà nínú pípa, bíbó àti dídì kò dúró sílé.

Ẹnì kan lè sọ pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá ilé iṣẹ́ kajú sílẹ̀ kíákíá. Ìyẹn kò bọ́gbọ́n mu. Oje tó wà nínú èèpo kóró kajú máa ń jó ara bí iná, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á kàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣòfò ni. Ohun tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè fi bẹ̀rẹ̀ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí àwọn tó ń ra kajú tó dá iye owó, wọ́n máa ń wọn kìlógíráàmù kan lára ọjà, wọ́n á la àwọn kóró náà sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ya èyí tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti jẹrà tàbí èyí tí kò gbó, wọ́n á wá wọn èyí tó dára. Èyí ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọjà náà níye lórí. Àgbẹ̀ tí kò bá mọ àyẹ̀wò yìí, iye tí oníbàárà bá ní kó gbà ló máa gbà. Bí àwọn ọmọ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ bá kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sá kajú kó gbẹ dáadáa àti bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà fúnra wọn, tí àwọn ọmọ ẹ̀ka ìṣirò owó ń bá wọn wo iye tó ń lọ ní ọjà, àgbẹ̀ náà á lè dúnàádúrà láìbẹ̀rù.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ gàrí. Ká ní ìyá kan ra ẹ̀gẹ́ ní 40,000 náírà. Ó san 6,000 fún rírin àti fífún un, 5,000 fún igi ìdáná, 4,000 fún ọkọ̀, ó sì fún àwọn méjì tó bá a bó o tí wọ́n tún bá a yan án ní 8,000. Nígbà tó ta gàrí náà, 70,000 ló rí. Ó yọ owó ẹ̀gẹ́ nìkan kúrò, ó ní òun jèrè 30,000. Inú rẹ̀ dùn, ó sì mú 15,000 nínú rẹ̀ san owó ilé ìwé ọmọ.

Bí ọmọ ẹ̀ka ìṣirò owó kan bá jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti báírò, yóò rí i pé 63,000 ni gbogbo owó tó jáde, 7,000 péré sì ni èrè. Nínú 15,000 tó ná, 8,000 ti jáde látinú owó òwò. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òwò náà ti ń kú lọ, òun á sì máa wá ẹni tó ń ṣe é. Kò tíì sí ẹni tó ka iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ ọn o.

Ọmọ ẹ̀ka ẹ̀rọ lè wo ààrò tó ń jẹ igi jù, kó sì bá a tún un ṣe. Ọmọ ẹ̀ka ìròyìn lè bá a wá orúkọ àti àwòrán tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ àpò. Ọmọ ẹ̀ka òfin lè ṣàlàyé ohun tí àjọ CAC ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ forúkọ òwò sílẹ̀, àti ohun tí NAFDAC ń bèèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí oúnjẹ tí wọ́n dì sínú àpò. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè dá gbogbo rẹ̀ ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Kò gba owó rẹpẹtẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó, bó bá ti lè jẹ́ pé wọ́n wá láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Wọ́n á wá olùkọ́ kan tó nífẹ̀ẹ́ sí i, wọ́n á kọ òfin ẹgbẹ́ tí kò ju ojú ìwé méjì lọ, wọ́n á sì forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní fásitì wọn.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n má tíì sọ̀rọ̀ owó. Kí wọ́n kọ́kọ́ wọ ọjà, kí wọ́n kí àwọn èèyàn dáadáa bí ọmọ tí wọ́n kọ́, kí wọ́n sì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ ogún oníṣòwò: kí ló ń jẹ yín lówó jù nídìí iṣẹ́ yín? Inú ìdáhùn wọ̀nyẹn ni wọ́n ti máa mú ìṣòro kan, ọ̀kan péré, tí wọ́n lè ṣe nǹkan sí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹgbẹ́ tó bá kó iṣẹ́ mẹ́wàá mọ́ra ní sáà àkọ́kọ́ kì í parí ẹyọ kan.

Bí owó bá ti wọ ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n ṣí àkáùntì ní orúkọ ẹgbẹ́, kó má ṣe jẹ́ ní orúkọ alága, kí ẹni méjì ó kéré tán sì máa fọwọ́ sí owó kó tó jáde. Kí akápò máa ka ìṣirò owó sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Àwọn tó ń dá àjọ mọ̀ pé ọjọ́ tí wọn kò bá ti ka owó lójú gbogbo èèyàn mọ́ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jáde. Ẹgbẹ́ tí àwọn tó wà ní ọdún ìkẹyìn bá dá sílẹ̀ fúnra wọn sábà máa ń bá wọn lọ sí ibi ìsìnlùú. Ìdí nìyí tó fi dára kí gbogbo ipò ní igbákejì tó ṣì wà ní ọdún kejì, kí ìwé àkọsílẹ̀ sì máa wà lọ́wọ́ olùkọ́ tó ń tọ́ wọn.

Ìkejì ni àwọn tó wá torí ìwé ẹ̀rí àti fọ́tò. Wọ́n á wọ kóòtù, wọ́n á pe àwọn olóyè, wọ́n á ṣe ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́, ó parí síbẹ̀. Oníṣòwò tí wọ́n bá pè sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kó béèrè pé: ìṣòro ta ni ẹ ti yanjú?

Ìkẹta kan àwọn oníṣòwò fúnra wọn. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ àṣírí òwò wọn tán, á wá lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ sí ojú kejì títì. Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí. Kí wọ́n kọ àdéhùn sínú ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ohun tí wọ́n fẹ́ wò, ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ sọ síta, àti ẹni tó ni èrè bí ọjà tuntun bá jáde. Àwọn oníṣòwò mìíràn náà sì wà tí wọ́n rò pé akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá ní kí ọmọ ẹgbẹ́ máa gbá ṣọ́ọ̀bù, kó máa gbé àpò, kò ní rí wọn mọ́ lọ́sẹ̀ kejì.

Ohun tí oníṣòwò lè ṣe láti òní lọ

Owó kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ nílò lọ́wọ́ ọlọ́jà. Wákàtí méjì lóṣù tó. Ẹni tó bá ti lo ogún ọdún nídìí búrẹ́dì, nídìí ìránṣọ tàbí nídìí títa irin, kó gbà láti jókòó gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn. Kó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣòro kan pàtó, kó sì ṣí ìwé ọjà rẹ̀ dé ibi tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí wọ́n bá ń sọ ohun tí kò lè ṣiṣẹ́, kó sọ fún wọn láìfi ìyẹ̀yẹ́ kún un.

Ọ̀nà mìíràn ni ètò SIWES tí àjọ ITF dá sílẹ̀ lọ́dún 1973, tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń sá lọ sí Lọ́kọ́ja, Àbújá tàbí Èkó nítorí pé wọn kò rí oníṣòwò nítòsí tó gbà wọ́n. Ọmọ tó bá ti bá òwò kan ní Kàbà ṣiṣẹ́ nípasẹ̀ ẹgbẹ́ ti mọ ibẹ̀, wọ́n sì ti mọ òun náà. Ó lè padà wá lẹ́yìn ìwé.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dunni. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ọmọ Okun ti ń kàwé, tí wọ́n sì ń gba ìwé ẹ̀rí. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ló ń lo ìwé náà níbòmíràn, àwọn òbí wọn á sì máa retí pé kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sílé. Fásitì tó wà ní ẹnu ọ̀nà kò ní yí èyí padà fúnra rẹ̀. Bí ọ̀dọ́ kò bá rí òwò tó lè fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe nílé, ọjọ́ tó bá gba ìwé ẹ̀rí náà ni yóò wọkọ̀.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ tuntun àti àkókò. Ìrírí àti ọjà wà lọ́wọ́ oníṣòwò. Ẹni tó bá rí àwọn ọmọ fásitì tó wọlé sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́la, tí wọ́n kí i ní "okun o", tí wọ́n sì béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lówó nídìí òwò rẹ̀, kó má ṣe yára lé wọn. Kó fún wọn ní àga.